Ẹyin Ta Nìyí? Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbín Omi Nípa Ẹyin Rẹ̀, láti Ọ̀sà Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́



Ẹyin ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹyin adìyẹ kọ́, ẹyin ẹja tí ẹ ń yọ nínú àrọ̀ kí ẹ tó yan án náà kọ́. Ẹyin àwọn ìgbín inú omi ni, pàápàá àwọn ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun lẹ́yìn: bí èèyàn ṣe lè rí ìdì ẹyin kan tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, kí ó sì sọ ẹni tó yé e. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbí tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ẹ bi ẹni tó ń sin ìgbín ní Ìmọ̀ta tàbí lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Bí ó bá hú ilẹ̀ inú ọgbà rẹ̀ tó bá ẹyin 8 tàbí 10 níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 17, kò ní dúró de ìyá wọn kí ó tó mọ̀. Ìgbín ńlá inú igbó wa ló yé e, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata, tí ẹyin rẹ̀ tóbi ṣùgbọ́n tí kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyin 100 tàbí 200 ló bá lójú kan, tí wọ́n sì wẹ́wẹ́, yóò ní ti ìgbín Achatina ni. Kò lo ẹ̀rọ kankan. Ó wo ìtóbi, ó wo iye, ó wo ibi tí wọ́n yé e sí. Ohun mẹ́ta yìí náà ni àwa tó ń wo ẹyin inú omi ń wò, àfi pé tiwa tún ní mélòó kan lé e.

Ìdí tí a fi ń dààmú lórí ẹyin kò le. Ẹran inú omi ń rìn, ó ń sá, ó ń wọ abẹ́ òkúta nígbà tí oòrùn bá mú, omi ọ̀sà sì máa ń dúdú débi pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó bá tì í bọ omi. Ẹyin kò lè rìn. Ibi tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni yóò wà títí yóò fi pa. Ẹni tó bá mọ ẹyin yóò mọ ẹni tó ń gbé odò kan kí onítọ̀hún tó yọjú, ní ìhà tiwa níbí sì rèé, àwọn kan wà nínú wọn tó yẹ kí a tètè mọ̀ pé wọ́n ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n ti òkun bẹ̀rẹ̀. Ìbátan ìgbín ilẹ̀ ni ìgbín òkun tí mò ń wí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti bọ́ ìkarahun sọ nù kí wọ́n tó dàgbà. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú wọn, àwọn tí à ń pè ní nudibranch, ní ẹ̀yà tó tó 3,000 láyé. Àwọ̀ ara wọn máa ń pọ̀ ju ti aṣọ ìgbéyàwó lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ akọ, ó tún jẹ́ abo, nítorí náà bí méjì bá pàdé, àwọn méjèèjì ló lè lọ yé ẹyin. Wọn kì í yé e ní ẹyọ ẹyọ. Nǹkan kan tó mọ́, tó sì ń yọ̀, ni wọ́n ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí nínú, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta tàbí ewéko abẹ́ omi.

Ní ọdún 1967, Anne Hurst tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹyin ẹ̀yà 30 ní etí Òkun Pàsífíìkì lápá àríwá Amẹ́ríkà, ó sì pín ìdì ẹyin wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ṣì ń tẹ̀ lé ìpín yẹn dòní. Àwọn kan máa ń yé ọ̀já pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ òkúta tí èkejì sì dìde dúró, tó ń yí po láti àárín wá sí ìta. Àwọn kan, okùn roboto ni tiwọn. Àwọn tó kù ń yé e sínú àpò kékeré, yálà kí àpò náà fẹ̀yìn lé ilẹ̀ tàbí kí okùn tín-ín-rín kan so ó mọ́ ibi tó wà. Ọlọ́jàá, olókùn, alápò: ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ agbolé, orúkọ ọmọ ilé ló kù.

Orúkọ ọmọ ilé sì rèé, ó le. Àwọ̀ kì í ṣe ohun tó ṣeé gbára lé pátápátá, torí bí ọmọ inú ẹyin ṣe ń dàgbà ni àwọ̀ ń yí padà. Ohun tí wọ́n yé ẹyin lé lórí ni mo fẹ́ràn láti kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbín òkun kì í jẹ ju irú oúnjẹ kan tàbí méjì lọ, wọ́n sì máa ń yé ẹyin sórí oúnjẹ yẹn gan-an tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni máíkírósíkóòpù á sọ bí ẹyin kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, àti bóyá ẹyọ kan tàbí púpọ̀ ló wà nínú èèpo kọ̀ọ̀kan. Iye pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Aplysia, ìgbín òkun ńlá tí okùn ẹyin rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra wọn jọwọrọ, kò mọ ìwọ̀n: nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1934 ní Kalifọ́níà, ẹyọ kan ṣoṣo yé ẹyin tó lé ní 400 mílíọ̀nù láàárín oṣù mélòó kan. Bí gbogbo wọn bá yè ni, a ò ní rí ibi tu ọkọ̀ gbà.

Ní etí òkun tiwa, Ghana ni iṣẹ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Malcolm Edmunds, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ghana ní Legon, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí àwọn ìgbín òkun ibẹ̀ jáde ní 1968. Nínú àwọn tó fún lórúkọ ni Favorinus ghanensis wà. Mo fẹ́ràn ìdílé Favorinus nítorí ìwà wọn: ẹyin ìgbín òkun mìíràn ni oúnjẹ wọn. Ọ̀kan nínú wọn á jókòó sórí ọ̀já ẹyin ẹni ẹlẹ́ni, á máa jẹ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọ̀ ohun tó jẹ á sì hàn láti inú ara rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìgbín lórí ẹyin tó sì yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá ẹyin nìyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olè ló fi joyè ìyá. Ẹ̀rí tó dájú kò ju mẹ́ta lọ: kí a bá a níbi tó ti ń yé e lọ́wọ́, kí a tọ́ ẹyin náà títí ọmọ á fi dàgbà tó ohun tí a lè mọ̀, tàbí kí a yẹ DNA rẹ̀ wò.

Ó yá, Ìkòròdú ńkọ́? Ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀sà Èkó fi ń mu omi òkun, ẹnu yẹn ló sì wà ní ibùdókọ̀ ojú omi Èkó. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á da omi wọlé, iyọ̀ inú ọ̀sà á sì ṣàn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á gbẹ̀san, omi iyọ̀ á rìn wọlé títí dé ìhà Ìkòròdú. J. E. Webb tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn àti M. B. Hill tẹ iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1958, ohun tí wọ́n rí kò sì jẹ́ tuntun fún apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Ìjẹ̀dẹ̀ tó mọ oṣù tí ẹja òkun ń wọlé àti oṣù tó ń padà. Ẹran tó kéré tí kò lè sá, omi òjò á pa á síbi tó wà. Ìgbín òkun tí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀ báyìí kì í fara da omi aláìníyọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wá ọ̀já ẹyin wọn, kí ó lọ sí ìhà àwọn òkúta tí wọ́n kó sí ẹnu ọ̀nà òkun, lápá Tarkwa Bay, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kí tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn wọ̀, omi kò níyọ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti Ẹ̀pẹ́ pé ẹyin ìgbín òkun nìyí, mo lè sọ pé rárá kí fọ́tò náà tó ṣí tán lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ẹyin á wà nínú fọ́tò yẹn o. Ta ló yé e?

Ẹ mú ewé kan tó ń léfòó lórí omi. Ojúoró dára, òṣíbàtà dára, ewé olódòdó àlùkò tó bo ojú ọ̀sà wa láti 1984 náà dára, àní ó dára jù, torí pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Èkó ló ń gbé ìgbín àti ẹyin wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yí ewé náà padà. Ohun tí ẹ óò bá lábẹ́ rẹ̀ jùlọ ni nǹkan pẹlẹbẹ kan, tó mọ́ gaara, tí kò fẹ̀ tó èékánná, tó lẹ̀ mọ́ ewé tímọ́tímọ́, tí àwọn ẹyin inú rẹ̀ sì tò ní ìpele kan ṣoṣo láìgun ara wọn. Ìdílé Bulinus tàbí Biomphalaria nìyẹn. Bí ìdì náà bá gùn, tó sì tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, Lymnaea ni, èyí tó ń gbé aràn ẹ̀dọ̀ fún màlúù. Bí ìdì ńlá tó rọ̀ bá lẹ̀ mọ́ igi inú omi, Lanistes ni, ìgbín omi títóbi tí àwọn kan ń jẹ. Pila tó jọ ọ́ kì í yé tirẹ̀ sínú omi. Òkè omi ló ń wá, ẹyin rẹ̀ sì ní èèpo líle. Bí ẹ bá rí àmì dúdú láàárín ẹyin kọ̀ọ̀kan, ẹ má dààmú, ti ọ̀pọ̀lọ́ tàbí kọ̀ǹkọ̀ ni. Ìgbín kan sì tún wà, Melanoides, tí ẹ lè rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láìrí ẹyin kankan, torí ọmọ ló ń bí. Fún ìyẹn, gbogbo ẹ̀kọ́ òní kò wúlò.

Ní ìhà Ìkòròdú tí iyọ̀ ń dé, ẹ óò tún máa rí àwọn kókó funfun líle tó lẹ̀ mọ́ igi inú omi àti mọ́ ẹ̀yìn ìṣáwùrú mìíràn. Ti Neritina ni. Ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ ló fi ṣe ilé ọmọ.

Níbi tí mo dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìrẹsì. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìmọ̀ta, ọ̀rọ̀ ìrẹsì kì í tán lẹ́nu wa. Ẹyin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń dá oko ìrẹsì lẹ́bàá omi mọ̀ lójú. Àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tàn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wà nínú ìdì kan, orí pòròpórò ìrẹsì tàbí ara ògiri ojú àgbàrá sì ni wọ́n ń yé e sí, lókè omi. Pomacea canaliculata ló ni ín, ìgbín tó ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá, tó sì ti ba oko ìrẹsì jẹ́ káàkiri Éṣíà. Ní ọdún 2020, wọ́n rí i ní oko ìrẹsì Mwea ní Kẹ́ńyà. Ìgbín náà fúnra rẹ̀ jọ Pila tiwa débi pé ẹni tí kò fara balẹ̀ kò ní fura sí i. Ẹyin rẹ̀ ló ń tú u fó, torí kò sí ìgbín omi ilẹ̀ yìí tó ń yé ẹyin aláwọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ ewé, sọ́dọ̀ Bulinus àti Biomphalaria, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlera wà. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹyin ìdílé méjèèjì yìí. Ẹ ó fi ewé náà sínú abọ́ funfun, ẹ ó da omi mímọ́ sí i. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á pa. Bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀, ti Biomphalaria á pẹlẹbẹ, á ká bí okùn tí wọ́n ká sórí ilẹ̀. Ti Bulinus á ní ṣóńṣó, ẹnu ìkarahun rẹ̀ á sì wà lápá òsì bí ẹ bá gbé ṣóńṣó náà sókè tí ẹnu kọjú sí yín.

Bulinus ló ń gbé aràn àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Biomphalaria ń gbé ìbátan aràn náà tó ń ba ìfun àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí ẹ̀dá ènìyàn ṣe wá mọ̀ pé aràn méjì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹyin náà ni. Theodor Bilharz, ará Jámánì, rí aràn àtọ̀sí ajá nínú òkú ní Káírò ní 1851. Fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn oníṣègùn ń rí irú ẹyin méjì nínú àwọn aláìsàn: ọ̀kan ní ẹ̀gún ṣóńṣó ní ìdí, ìkejì ní ẹ̀gún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, Patrick Manson, fura pé aràn méjì ló ń yé wọn. Arthur Looss, ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ní Káírò, kọ̀ jálẹ̀: ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé abo tí akọ kò tíì bá pàdé ló ń yé ẹyin ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀gbẹ́. Louis Sambon, oníṣègùn mìíràn, kò gbà fún un, ó fi orúkọ Manson pe aràn kejì ní 1907. Ní 1908, Pirajá da Silva ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, rí aràn náà pẹ̀lú ẹyin ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀gbẹ́ nìkan. Robert Leiper, onímọ̀ nípa aràn, ló wá parí ìjà ní Íjíbítì ní 1915. Ìgbín ló sì fi parí rẹ̀: aràn tí ẹyin rẹ̀ ní ẹ̀gún ní ìdí ń gba inú Bulinus kọjá, ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀gbẹ́ ń gba inú Biomphalaria.

Mi ò ṣèèṣì dárúkọ Bahia. Inú ara àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ni àwọn aràn méjèèjì fi sọdá òkun. Àyẹ̀wò DNA sì ti fi hàn pé aràn ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀gbẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà lónìí, ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti lọ. Ọ̀kan yìí rí Biomphalaria níbẹ̀, ó gbilẹ̀. Èkejì, ti àtọ̀sí ajá, kò rí Bulinus kankan lódò wọn, ìran rẹ̀ sì parẹ́ ní òdìkejì òkun. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni ìdì ẹyin kékeré abẹ́ ewé já mọ́, ẹ ka ìtàn yìí fún wọn.

Ìtàn tòsí náà wà. Wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní 1983. Omi tó dúró lójú kan dùn mọ́ Bulinus, àwọn apẹja tó tẹ̀dó sí etí rẹ̀ sì kó àtọ̀sí ajá, débi pé àwọn oníwàádìí ti ń kọ nípa rẹ̀ láti ìgbà náà. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ Ògùn, Ògùn ń ṣàn wá sí ọ̀sà tí Ìkòròdú wà létí rẹ̀. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń bá wa lé Bulinus sẹ́yìn nínú ọ̀sà gan-an. Kò sí iyọ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ẹ̀pẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ẹyin mọ. Ìdì ẹyin Bulinus lábẹ́ ewé ń sọ pé ìgbín wà. Kò sọ pé aràn wà. Ìgbín kì í bí aràn mọ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó ní àìsàn náà bá tọ̀ sínú omi ni ẹyin aràn tó pa máa wọ ara ìgbín. Ẹyin aràn pẹ̀lú lè tan ojú jẹ. Ní 2013, àwọn tó lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Cavu ní erékùṣù Corsica, ní ilẹ̀ Faransé, kó àìsàn yìí, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, àdàlù aràn ènìyàn àti aràn màlúù ni wọ́n bá. Ẹ̀gún ìdí ẹyin nìkan kò lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín sọ pé ó ti ń di ọkùnrin. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà nìyí. Ẹ lọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ọmọ aràn tó ń wọ awọ ara ènìyàn máa ń jáde nínú ìgbín bí oòrùn bá ti mú, ọ̀sán gangan ló sì ń pọ̀ jù. Ẹ má wọ omi: igi gígùn oníkọ̀kọ́ ni kí ẹ fi fa ewé wá, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò. Ẹ fi owó ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì ẹyin kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ kọ orúkọ odò, ọjọ́, irú ewé, àti bóyá omi náà níyọ̀ lẹ́nu àwọn apẹja. Ẹ má fi ahọ́n yín tọ́ ọ wò. Bí àwọn ọmọ ìgbín bá ti pa tí ẹ sì ti mọ ohun tí wọ́n jẹ́, ẹ má dà wọ́n padà sínú odò. Omi gbígbóná ni kí ẹ dà lé wọn lórí.

Mo ti ṣe tán fún ìbéèrè, ẹni tó bá sì ní fọ́tò lórí fóònù rẹ̀, kí ó mú un wá síwájú.